Ìtọ́jú Ọkàn àti Owó Àpò Ẹni

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lẹ́yìn ikú bàbá mi ní èṣí, oṣù mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. N kò lè sùn, n kò lè kàwé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá lọ rí dókítà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò ní mo ti di ará Arò.

Ìbẹ̀rù yìí kò nídìí. Nígbà tí Dókítà T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn máa gbé abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán.

Oríṣi olùtọ́jú méjì ni kí á mọ̀. Dókítà ọpọlọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì lè kọ oògùn fún ni. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kì í kọ oògùn; ọ̀rọ̀ sísọ ni ó fi ń ṣe ìwòsàn. A lè rí wọn ní ilé-ìwòsàn ńlá bí i UCH n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn inú ọgbà ni kí á kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lè kọ lẹ́tà fún wa.

Ní ti owó, mo rò pé ti dókítà nìkan ni n ó san. Àṣé owó káàdì wà, owó ọkọ̀ wà, owó oògùn wà. Ìpàdé kan kò sì tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni n kò lọ nítorí àìlówó, ojú sì ń tì mí láti sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́, olùtọ́jú mi ní kí n máa wá lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fún mi ní iṣẹ́ tí n ó máa ṣe ní yàrá. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní gan-an, ẹ bèèrè iye owó àti iye ìgbà tí ẹ ó lọ. Kì í ṣe àfojúdi.

Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè, ṣùgbọ́n kò san owó ìtọ́jú fún ẹnikẹ́ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ń gba owó adójútòfò ìlera lọ́wọ́ yín, ẹ bèèrè ohun tí ó kárí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹsẹ̀ bá dá, a kì í fi pamọ́. Owó tí mo ná dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti ń sùn báyìí. Oṣù mẹ́ta tí mo fi dákẹ́ ni ó wọ́n jù lọ. Ẹ má ṣe dákẹ́.