Pàlákáà Ara Ògiri: Ẹ Ka Pákó Kí Ẹ Tó Ka Owó

 Ọ̀rọ̀ ọjà ni tòní, ṣùgbọ́n ìlera díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Pàlákáà la fẹ́ sọ, ìyẹn ibi ìkáṣọsí ńlá tí káfíńtà ń kàn mọ́ ara ògiri yàrá, láti ilẹ̀ títí dé òkè. Àwọn ará wa tó ń ná ọjà Nàìjíríà ń pè é ní wọ́dúróòbù. Èyí kì í ṣe àpótí tí a lè gbé dání lọ́jọ́ tí a bá ń kó lọ sílé mìíràn. Ibi tí wọ́n bá kàn án mọ́, ibẹ̀ ló ń gbé. Bí wọ́n bá kàn án bàjẹ́, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́ mú ìwé méjì wá bá wa. Owó àjọ ọdún méjì ló fẹ́ fi ṣe pàlákáà sí yàrá rẹ̀. Ó pe káfíńtà méjì, yàrá kan náà, ògiri kan náà. Ọ̀kan kọ pákó 6, èkejì kọ pákó 10. Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwọn méjèèjì ló fẹ́ jẹ mí?"

A jókòó, a mú teepu, a ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a rí nìyí o.

Pákó tí wọ́n sábà fi ń ṣe é ni contreplaqué, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìpele igi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ìbáà jẹ́ ní Ouando tàbí ní Kétu, gígùn rẹ̀ jẹ́ 2 mítà 44, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1 mítà 22. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló ń pinnu gbogbo owó yòókù.

Ògiri ìyá yìí jẹ́ 2 mítà 40 ní fífẹ̀, pàlákáà náà yóò sì ga ní 2 mítà 40, pẹ̀lú ojúlé mẹ́ta nínú. Káfíńtà àkọ́kọ́ ní kó jìn ní sẹ̀ńtímítà 60. Tí ẹ bá la pákó kan sí méjì ní gígùn, ẹ ó rí ọ̀já méjì tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60, kò sì ní sí àṣẹ́kù tó yẹ ní sísọ. Igi ìdúró mẹ́rin, pákó 2 nìyẹn. Òkè àti ìsàlẹ̀, pákó 1. Pẹpẹ mẹ́fà, pákó 1. Ìlẹ̀kùn mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 40, mẹ́ta mẹ́ta ló ń jáde lára pákó kan, pákó 2. Ó di 6.

Èkejì ní kó jìn ní 65. Sẹ̀ńtímítà 5 péré ló fi kún un, àbí? Ṣùgbọ́n 65 lọ́nà méjì jẹ́ 130, pákó ò sì fẹ̀ ju 122 lọ. Ọ̀já kan ṣoṣo ló wá ń jáde lára pákó kan. Igi ìdúró gba pákó 4, òkè àti ìsàlẹ̀ gba 2, pẹpẹ gba 2, ìlẹ̀kùn 2. Ó di 10. Ká ní 25,000 fáránkì ni pákó kan (iye ọjà tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀), 150,000 sí 250,000 nìyẹn. Sẹ̀ńtímítà 5 ló jẹ 100,000 fáránkì!

Kò sí olè nínú wọn o. Èkejì ń ronú nípa kóòtù lórí ìkọ́ tó gbòòrò, bó ṣe rí i nínú àwòrán orí fóònù ni. Síbẹ̀, kò sọ fún ìyá pé àwọn àjákù tó fẹ̀ ní 57 máa ṣẹ́ kù, wọ́n sì tó láti fi ṣe pẹpẹ àti ìlẹ̀kùn. Àjákù pákó tí ẹ fi owó yín rà, tiyín ni. Ẹ bi káfíńtà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé kí ló máa fi wọ́n ṣe.

Ìlẹ̀kùn náà ní tiẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe mẹ́ta péré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 80, ọ̀kan ṣoṣo ló ń jáde lára pákó kan, ẹ ó ra pákó 3 dípò 2. Ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wúwo, kì í pẹ́ tó fi ń wọ́ nílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlẹ̀kùn mẹ́fà ń gba irin charnière púpọ̀ sí i: bí ìlẹ̀kùn gíga kan bá gba mẹ́rin, 24 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdìmú, kọ́kọ́rọ́, ìṣó, gọ́ọ̀mù àti vernis. Àwọn nǹkan kéékèèké yìí ni káfíńtà máa ń padà wá béèrè owó wọn nígbà tí pákó ti wà nílẹ̀, tí ẹ ò sì lè sọ pé ẹ ò ṣe mọ́.

Lójú tèmi, a ò tilẹ̀ nílò ìkọ́ púpọ̀. Aṣọ wa, kíká la ń ká a. Ìró, àǹkàrá, aṣọ òkè, agbádá pàápàá, orí pẹpẹ ni wọ́n ń gbé. Ojúlé kan fún ṣẹ́ẹ̀tì àti kabà tó ń rọ̀ lórí ìkọ́ tó. Tó bá jẹ́ pẹpẹ nìkan lẹ fẹ́, jíjìn sẹ̀ńtímítà 40 ti pọ̀ tó fún aṣọ kíká, ọ̀já mẹ́ta á sì máa jáde lára pákó kan. Àpótí fífà, èyí tí wọ́n ń pè ní tiroir, ń gba pákó, irin àti àkókò. Ẹ lè fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ fi igi tíìkì ṣe é, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Inú igi náà tó pọ́n rúsúrúsú ni ikán kì í fẹ́ jẹ. Èyí tó funfun lẹ́yìn, ikán ń jẹ ẹ́ bíi ti igi yòókù. Tíìkì kékeré tí wọ́n gé láìtíì dàgbà, funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ògiri ńkọ́? Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ, ẹ má tíì kan nǹkan mọ́ ọn. Ẹ mú ọ̀rá, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí omi bá ń sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá náà lọ́jọ́ kejì, ògiri ò tíì gbẹ, aṣọ yín máa hu èbu, pákó á sì wú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi síméǹtì gbé ìsàlẹ̀ pàlákáà sókè tó sẹ̀ńtímítà 10, kí omi ìnulẹ̀ má bàa kàn án. Kí àlàfo ìka méjì wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, kí ẹ lè fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀nà ikán. Ògiri amọ̀ kì í di ìṣó mú dáadáa, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa kàn án mọ́. Bí pàlákáà bá ya kúrò lára ògiri, orí ọmọ ló máa wó lé.

Ní ti owó, ẹ tẹ̀lé káfíńtà lọ sọ́jà, kí ẹ ra pákó fúnra yín. Ẹ má ṣe san gbogbo owó iṣẹ́ ní àfáńsì. Ẹ pín in sí mẹ́ta: díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí ara pàlákáà bá ti dúró, kí ìyókù dúró títí gbogbo ìlẹ̀kùn á fi máa ṣí tí wọ́n á sì máa tì láìfi ipá ṣe é. Owó ọkọ̀ báṣé tó máa kó pákó dé abúlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí zémìjáàn ò lè gbé e.

Ìyá yẹn yan jíjìn 60. Ó fi kún pẹpẹ, ó dín ìkọ́ kù, owó àjọ rẹ̀ sì ká a.

Ó ku ti ìlera. Bí pàlákáà bá ti parí, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí òórùn vernis àti gọ́ọ̀mù lọ kí aṣọ tó wọlé. Àwọn hóró funfun olóòórùn tí a ń fi lé kòkòrò, naftalín, táwọn kan ń pè ní káńfọ̀, ẹ má fi wọ́n sáàárín aṣọ ọmọ jòjòló. Àwọn ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò lè gba nǹkan yẹn láti ìgbà tí a ti bí wọn, èémí rẹ̀ lára aṣọ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Ọmọ ńlá náà lè rò pé súìtì ni, kó gbé e mì. Bí ojú ọmọ bá di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tó wà nínú pàlákáà.

Ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé káfíńtà lọ́wọ́, ẹ mú un wá sí ìpàdé yín pẹ̀lú teepu.