Gásíkẹ́ẹ̀tì Ló Bẹ́ ni, àbí Ẹ́ńjìnì Ló Kú?

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń já ọlọ́kọ̀ láyà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: "tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì" àti "ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì". Owó ti àkọ́kọ́ ṣeé wá. Owó ti ìkejì lè gbé owó ilé ìwé ọmọ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé sáyẹ́ǹsì lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ ni Sienna ọdún 2000 tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń kó èrò láti Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ yìí ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, họ́ọ̀sì rédíétọ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà, omi dà nù, awakọ̀ ò sì mọ̀ títí ọkọ̀ fi kú. Ó búra pé gééjì ìgbóná ò lọ sókè. Mẹkáníìkì kìíní ní, "Màmá, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lásán ni." Èkejì ní kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnì. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí: "Ìwọ tó o mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì, wá bá mi wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè ná owó yìí o."

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe

Nínú sílíńdà, iṣẹ́ mẹ́rin ló ń lọ léraléra: ẹ́ńjìnì á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á fún un pọ̀, pílọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, á sì tú èéfín jáde. Iná inú rẹ̀ lè kọjá 2,000°C, bẹ́ẹ̀ sì ni 660°C ti tó láti yọ́ alumíníọ̀mù. Omi tó ń yí po ló ń gbé ooru náà lọ sí rédíétọ̀.

Omi lásán ń hó ní 100°C, àmọ́ ìdérí rédíétọ̀ ń há a mọ́ inú. Bí agbára tó há a mọ́ bá di ìlọ́po méjì ti afẹ́fẹ́ ìta, omi ò ní hó títí á fi dé nǹkan bí 120°C. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí nígbà tó bá gbóná. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, omi á hó lójijì, á sì bó èèyàn.

Awakọ̀ náà ò purọ́. Ohun tó ń wọn ìgbóná gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Bí omi bá tán, afẹ́fẹ́ ló kù tó ń wọ̀n, gééjì sì lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń jóná.

Alumíníọ̀mù ni bulọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ́ńjìnì yìí, 1MZ-FE, oní-sílíńdà 6. Ooru máa ń mú alumíníọ̀mù gùn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Èyí tó gùn tó 50 cm, bí ìgbóná rẹ̀ bá fi 100°C lé sí i, á fi ju 1 mm gùn sí i. Bí apá kan bá wá gbóná ju apá kejì lọ, á tẹ̀. Kó kàn tẹ̀ níwọ̀n ìnípọn ewé ìwé kan, gásíkẹ́ẹ̀tì lè máa jò.

Ìdánwò mẹ́ta

Àkọ́kọ́, mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi ti wọnú rẹ̀ nìyẹn.

Ìkejì, mo yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo pa iná wọn àti ti pọ́ǹpù epo, mo wá fi gééjì wọn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Fún ẹ́ńjìnì yìí, 218 psi ni ti tuntun, kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 145 lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju 15 lọ. Mẹ́rin wà láàárín 180 sí 190. Sílíńdà 3 jẹ́ 70, sílíńdà 5 jẹ́ 75. Mo da ọ́ìlì díẹ̀ sínú àwọn méjèèjì, mo tún wọ̀n wọ́n. Nọ́ńbà ò lọ sókè. Ká ní ríǹgì písítìn ló jẹ ni, ọ́ìlì ì bá dí àlàfo náà díẹ̀. Aládùúgbò ni sílíńdà 3 àti 5, nítorí náà, gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn ló bẹ́. Mẹkáníìkì kìíní jàre.

Àmọ́ ó ku ìdánwò kẹta. Mo da ọ́ìlì sílẹ̀ gba inú aṣọ funfun, mo sì la fílítà rẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ ń dán yinrin nínú rẹ̀. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni kránkì ń léfòó. Bí omi bá ba ọ́ìlì yẹn jẹ́, irin á máa ha irin. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́, ẹni tó bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan á tún san owó ẹ́ńjìnì láìpẹ́. Mẹkáníìkì kejì náà jàre.

Ríra tòkunbọ̀

A lọ sí Àràrọ́mi ní Gate, n'Ìbàdàn. Orúkọ ẹ́ńjìnì nìkan ò tó o. Láti ọdún 2001 ni 1MZ-FE inú Sienna ti ní VVT-i, èyí tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. Brain box ọkọ̀ ọdún 2000 ò mọ ìyẹn rárá. A ṣí ìdérí ọ́ìlì wò bóyá ẹrẹ̀ dúdú wà níbẹ̀, a fi sípánà yí kránkì ní ẹ̀ẹ̀mejì, torí pé ìyẹn ni iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi máa ń parí. Ọlọ́jà wá fi bátìrì yí i, a sì fi gééjì wọ̀n ọ́n. Sílíńdà kan nínú ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ jẹ́ 120. A fi sílẹ̀. Èkejì wà láàárín 195 sí 205. Ẹ̀gbọ́n mi sanwó.

Kí wọ́n tó gbé e wọlé, a pààrọ̀ tímìnì bẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù omi tí bẹ́ẹ̀tì náà ń yí, tamositáàtì, àti gbogbo họ́ọ̀sì. 90,000 máìlì ni wọ́n ní ká máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì yìí, ta ló sì mọ iye tí tòkunbọ̀ ti rìn? Nígbà tí wọ́n fẹ́ jí i, a kọ́kọ́ yí i láìsí epo títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. A wá rọ omi àti kúláǹtì sí i ní tútù, a tan híítà, a sì ṣí ìdérí sílẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Ọkọ̀ ti padà sójú ọ̀nà Òṣogbo báyìí.

Ẹ má gbàgbé ìwé o. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọlọ́jà, kẹ́ ẹ sì lọ tún un ṣe, kí ọlọ́pàá má bàa dá yín dúró.

Ẹ máa wo omi láràárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbóná. Bó bá gbóná jù, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù. Bí mẹkáníìkì bá sì ní ẹ́ńjìnì ti lọ, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà sílíńdà kọ̀ọ̀kan ńkọ́?" Ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.