Chaihu: Egbòogi Ẹ̀dọ̀ Láti Ṣáínà

Ànábì wa (SAW) kọ́ wa pé kí a máa wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n wíwá rẹ̀ gba ìmọ̀.

Gbòǹgbò ewéko kan ni àwọn ará Ṣáínà ń pè ní chaihu. Ó ti tó bí 1,800 ọdún tí wọ́n ti ń sè é pọ̀ mọ́ egbòogi mẹ́fà mìíràn, atalẹ̀ sì wà nínú wọn. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ fi wò. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ní Jàpáànù ń kọ àgbo yìí fún àwọn tí àrùn mẹ́dọ̀wú ti pẹ́ lára wọn.

Ní ọdún 1996, ìjọba Jàpáànù kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn: mẹ́wàá nínú àwọn tó ń lò ó ni ẹ̀dọ̀fóró wọn wú, tí wọ́n sì kú. Kí ó tó di ìgbà náà ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ interferon.

Ẹ̀kọ́ wa rèé: pé nǹkan jẹ́ ewé kò ní kó má lè pani lára. Bí ojú ẹnìkan bá pọ́n rúsúrúsú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí 24 tí a bí i.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlááfíà. Àmín.