Kíndìnrín Ìkókó

Ẹni tó bá ti gba Igbó-Ọrà kọjá lọ sí Èrúwà yóò jẹ́rìí pé ilẹ̀ Ìbàràpá ni ẹ̀jìrẹ́, ẹdúnjọbí, fi ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ìbejì a sábà máa tètè dé, nígbà mìíràn kí oṣù wọn tó pé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kíndìnrín ti wọlé.

Inú oyún ni àwọn asẹ́ tíntìntín tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín ti ń hù, tí iye wọn nínú ẹyọ kan a máa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1, tí ìhù wọn sì ń parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ti gba gbogbo tirẹ̀ kí ó tó wáyé, ṣùgbọ́n bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ó tó bí ọdún 1 sí 2 kí agbára wọn tó gbó. Ti ọmọ tí kò pé oṣù tún lẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ a máa ṣòfò, oògùn a sì máa pẹ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má rọ àgbo fún ìkókó. Bí wákàtí 24 bá sì kọjá lẹ́yìn tí ẹ bí i tí kò tíì tọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.