Òórùn dídùn kì í pẹ́ lára tábà: Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tábà ìkòkò tí wọ́n bá fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu ìkòkò ló gbà pé tábà dà bí ọtí wáìnì, pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa dùn sí i. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí, àwọn kan l'Amẹ́ríkà àti Yúróòpù a máa ra agolo tábà jọ, wọn a sì tò ó pamọ́ fún ọdún márùn-ún, mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ McClelland ní Kansas City kógbá wọlé lọ́dún 2018, ńṣe ni owó agolo tábà wọn tó kù nílẹ̀ fò sókè. Àmọ́ tábà tí wọ́n fi òórùn dídùn sí kì í gbó bí èyí tí wọn kò fi nǹkan kan sí.

Ara ewé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ooru ni wọ́n fi ń gbẹ ewé Virginia, nítorí náà ṣúgà púpọ̀ a máa kù sínú rẹ̀. Ewé Burley ní tirẹ̀, abẹ́ ìbòòji ni wọ́n ń so ó kọ́ sí kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣúgà inú rẹ̀ yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n Burley a máa fa omi mu bíi kànìnkànìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó gan-an fún tábà olóòórùn dídùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fi adùn sí i. Kí wọ́n tó gé ewé náà, wọn yóò fi omi ṣúgà, oyin tàbí kòkó rẹ ẹ́, èyí a sì wọ inú ewé lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán, wọn yóò wá fọ́n òórùn fànílà, èso tàbí ọtí rọ́ọ̀mù sí i lórí. Òórùn kejì yìí ló ń ta sí ni nímú nígbà tí wọ́n bá ṣí agolo, orí ewé ló sì wà. Wọ́n tún lè fi èròjà tí wọ́n ń pè ní propylene glycol sí i kó má baà tètè gbẹ.

Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ewé àti adùn náà yóò wọnú ara wọn, tábà náà yóò sì tutù lẹ́nu. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òórùn orí ewé yóò máa ṣá. Ti èso àti ti ọtí ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ti fànílà a máa pẹ́ díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ewé Virginia tó dára ló wà nísàlẹ̀, yóò dúdú sí i, líle rẹ̀ yóò sì rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ewé tí kò dára ni wọ́n fi adùn bò, àṣírí tú nìyẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ohun tí wọ́n fi pa á mọ́ náà ṣe pàtàkì. Inú ọ̀rá lásán, òórùn àti ọ̀rinrin a máa jáde. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa ló sàn jù, níbi tó tutù tí oòrùn kì í dé. Agolo lè dípẹtà, kí afẹ́fẹ́ sì ráyè wọlé. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, tábà náà yóò bu. Èyí tó bá ti bu, dídà nù ló yẹ ẹ́.

Fífi adùn bo ewé tábà kì í ṣe ohun tuntun, ó sì kan ilẹ̀ Yorùbá. Láyé òwò ẹrú, ewé tábà Bàyíà ní Brazil tí kò dára tó èyí tí wọ́n ń kó lọ sí Lisbon ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi oje ìrèké dúdú pa lára, tí wọ́n sì ń fi awọ dì. Oje náà kì í jẹ́ kó gbẹ lórí òkun, ó sì ń bo àbùkù ewé náà mọ́lẹ̀. Tábà aládùn yìí ni wọ́n ń kó wá sí Wídà àti Èkó, òun ni wọ́n sì fi ra ọ̀pọ̀ ọmọ èèyàn, Yorùbá wà lára wọn, tí wọ́n kó sọdá sí Brazil.

Ohun kan wà tí ìpamọ́ kì í mú kúrò. Bí òórùn fànílà tilẹ̀ tán pátápátá, nikotíìnì tó ń sọ ni di ẹrú tábà ṣì wà nínú ewé náà, èéfín rẹ̀ sì ṣì ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ṣí agolo ọlọ́dún mẹ́wàá, tó sì rí i pé kò ta sí òun nímú mọ́, kó má ṣe rò pé oró rẹ̀ ti bá òórùn náà lọ.