Kókó Inú Àyà àti Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Ọ̀rọ̀ kókó ni mo gbé wá lónìí, kókó inú àyà.

Bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ gún ìṣó, ẹ ó rí i pé ibi tí itan ti pàdé ikùn á wú. Kókó ibẹ̀ ló ń dá ìdọ̀tí egbò náà dúró. Irú rẹ̀ pọ̀ yí ọ̀nà èémí ká. Omi ara tó ń ṣàn jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń gba ara wọn kọjá, nítorí náà bí jẹjẹrẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, ọ̀dọ̀ wọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí.

Ní 1933, Evarts Graham yọ odindi ẹ̀dọ̀fóró kan fún oníjẹjẹrẹ ní St. Louis, l'Amẹ́ríkà, aláìsàn náà sì yè. (Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yìí kan náà ló pa Graham fúnra rẹ̀ ní 1957; sìgá ni.) Ní 1978, Naruke ará Japan ya àwòrán ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan wà, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà bíi ti ilé àdúgbò.

Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ṣì kéré, ṣé kí a mú díẹ̀díẹ̀ wò láti ilé kọ̀ọ̀kan ni, àbí kí a gbá gbogbo rẹ̀ kúrò? Ìwádìí kan láti Ṣáínà ní 2002 ní gbígbá kúrò ló ń jẹ́ kí èèyàn pẹ́ láyé jù. Èyí tí Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2011, tó kó aláìsàn tó lé ní 1,000 jọ, kò rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí i o: gbogbo wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ kókó wọn wò dáadáa, tí kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n gbá tiwọn kúrò, jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ jáde lára ìdá 4 nínú 100. Lójú tèmi, ẹni tó gé ẹ̀dọ̀fóró láìfọwọ́ kan kókó kankan ló jẹ̀bi jù, torí kókó ló ń sọ bóyá aláìsàn nílò oògùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Gbígbá kúrò náà ní ewu tirẹ̀: iṣan tó ń darí ohùn wà nítòsí, bó bá fara gbọgbẹ́, ohùn á há. Ẹ wo akéwì tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí!

Ní ọ̀dọ̀ tiwa l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ tún le ju báyìí lọ. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti wà l'Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, òun ló di ti Yunifásítì Bowen. LAUTECH náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n ti fi oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tọ́jú fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan jẹjẹrẹ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ yìí fúnra rẹ̀ tún máa ń mú kókó àyà wú. Èéfín igi náà ń sọ ọ́ di dúdú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Tí àwòrán bá wá fi kókó ńlá hàn, wọ́n lè sọ fún ẹbí pé jẹjẹrẹ ti tàn ká, pé kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́, nígbà tó jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ lásán ló wà níbẹ̀. Àyàfi kí a mú ara kókó náà lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù.

Torí náà, bí wọ́n bá ní ẹ̀gbọ́n yín ò ṣeé ṣiṣẹ́ abẹ fún mọ́, ẹ béèrè pé: kókó wo ni, ṣé a ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, kókó ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tirẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ papọ̀, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò n'Ìbàdàn kò ní mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.