Sítáǹpù ni àbí ẹ̀rọ? Ohun tó yẹ kí oníléeṣẹ́ kékeré mọ̀ nípa owó lẹ́tà

Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá fẹ́ pe ọmọ ẹgbẹ́ 150 sípàdé ọlọ́dọọdún, lẹ́tà 150 ló máa dì, tó máa kọ àdírẹ́sì sí, tó sì máa sanwó rẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rán ọmọ ọ́fíìsì lọ ra sítáǹpù, èyí tó rà kò ní í tó. Yóò padà lọ, wọ́n á sì ti máa palẹ̀ mọ́ ní káńtà. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé ọ̀kan lé òṣùwọ̀n, wọ́n á rí i pé lẹ́tà ọ̀hún ti wúwo ju iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lọ.

Lóòótọ́, fóònù àti WhatsApp ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́tà. Síbẹ̀, ìwé ìpàdé, ìwé ìkìlọ̀ fún onígbèsè àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ sáwọn òbí ṣì ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Fún iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin CAMA ọdún 2020, ọjọ́ 21 ni òfin là kalẹ̀ fún fífi ìwé pe ìpàdé gbogboogbò. Bí lẹ́tà bá pẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀ nítorí sítáǹpù, ẹnì kan lè dìde lọ́la pé ìpàdé náà kò bófin mu.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láti sanwó lẹ́tà: kí wọ́n lẹ sítáǹpù, kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń tẹ owó sára àpòòwé, tàbí kí wọ́n kó lẹ́tà lọ sí káńtà, kí wọ́n san gbogbo owó rẹ̀ pọ̀. Èyí tó dára jù kò sí nínú wọn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́

Kí oníléeṣẹ́ tó mú ọ̀nà kankan, kó wọn lẹ́tà rẹ̀ ná. Gíráàmù 20 ni ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń díye lé fún lẹ́tà, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, owó á gòkè. Abala A4 kan tí wọ́n ń pè ní 80 gíráàmù, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ọ́fíìsì, wúwo tó gíráàmù 5. Bí abala mẹ́ta bá wà nínú àpòòwé kékeré, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 20 yẹn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀kẹrin kún un, ó ti kọjá. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ sí ojú méjèèjì ìwé yóò lo abala méjì dípò mẹ́rin, owó ìfìwéránṣẹ́ yóò sì dín kù lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Sítáǹpù

Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò pọ̀, tí kì í sì í fi ránṣẹ́ déédéé, sítáǹpù ló bá a mu. Kò béèrè ẹ̀rọ, kò béèrè ìwé àṣẹ, lẹ́tà kan náà tó rán. Àléébù rẹ̀ ni pé owó ni sítáǹpù, ó sì rọrùn láti jí. Ó yẹ kó wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kan ṣoṣo máa mú un jáde, kí ìwé kékeré kan sì wà tí wọ́n ń kọ ọjọ́, iye àti ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá sí.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kí wọ́n ti máa rà á. Èyí táwọn kan ń tà ní ẹ̀dínwó lójú títì lè jẹ́ èyí tó ti ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n fọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin láti mọ̀ọ́mọ̀ tún irú rẹ̀ lò.

Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní franking machine máa ń tẹ iye owó, ọjọ́ àti ibi tí lẹ́tà ti wá sára àpòòwé. Ọdún 1920 niléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, èèyàn kò lè dédé rà á kó máa lò ó. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NIPOST, kó sì san owó sínú rẹ̀ ṣáájú. Bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà ni owó inú rẹ̀ á máa dín kù, èyí sì mú kí ìṣirò rọrùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sọ lẹ́tà di ọ̀fẹ́. Owó ìfìwéránṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, owó ẹ̀rọ, íǹkì àti àtúnṣe yóò sì gùn ún. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìnáwó orí ẹ̀rọ jẹ́ N90,000 lọ́dún. Ẹgbẹ́ tó ń kọ lẹ́tà 450 lọ́dún ti fi N200 kún owó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó ń kọ 9,000 kò fi ju N10 kún un lọ. Kí oníléeṣẹ́ fi iye tirẹ̀ ṣe ìṣirò yìí kó tó tọwọ́ bọ àpò.

Sísan án pọ̀ ní káńtà

Ọ̀nà kẹta dára fún ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ máa ń pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì tún tó oṣù mélòó kan kó tó kọ òmíràn. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á kà á, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sanwó, wọ́n á gba rìsíìtì. Ó máa ń yá bí gbogbo lẹ́tà bá dọ́gba ní títóbi àti ìwúwo. Kí akọ̀wé lọ rí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣáájú, kó béèrè iye lẹ́tà tí wọ́n ń gbà lọ́nà yìí, àmì tí wọ́n fẹ́ lára àpòòwé, àti àkókò tó yẹ kó gbé e wá.

Ìwé tí kò gbọ́dọ̀ sọnù

Sọ̀wédowó, ìwé ẹ̀rí àti ìwé ilẹ̀ kì í ṣe ẹrù lẹ́tà lásán. Kí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní káńtà gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà rẹ́jísítà, tàbí kí wọ́n lo EMS Speedpost. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ akẹ́rù aládàáni ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀.

Fún akọ̀wé tó ní lẹ́tà 150 nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀rọ kò kàn án. Kó wọn ọ̀kan nínú lẹ́tà náà, kó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí káńtà ní òwúrọ̀, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọjọ́ tí ìwé ìpàdé jáde, èsì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.